Ẹni tí Kò sí ní Kíláàsì Dókítà Fákúnlé

Àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé ojú ni wọ́n fi ń fẹ́ ọkùnrin, mọ́tò sì ni àwọn mìíràn ń wò. Ìbéèrè ni Rùqáyyàh Abógúnrìn fi fẹ́ràn Abdulwaheed Lágúnjú ní tirẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ wọn ní yunifásítì nílùú Ifẹ̀ ni, nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ ń kọ nǹkan sójú pátákó, gbogbo ayé ń dà á kọ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ni ọmọkùnrin kan bá dìde ní ìlà kejì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò tíì yé mi o. Kí ló dé tí ooru fi ń jáde níbẹ̀?" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Rùqáyyàh kò rẹ́rìn-ín, nítorí kò yé òun náà, ojú ló ń tì í láti béèrè. Ó ń wo ẹ̀yìn orí ọmọkùnrin yẹn títí kíláàsì fi parí, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni yìí kì í díbọ́n.

Wàhíìdì ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí òjò tó lè dá a dúró. Yóò ká ṣòkòtò dé orúnkún, yóò wọ kíláàsì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rin gbindin, yóò sì jókòó sí ìlà kejì. Nígbà tí ó tún di ẹni tó ń bá Rùqáyyàh jókòó, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní kò sí ohun tí àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ ju kẹ́mísírì lọ. Irọ́ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lórí àtẹ̀gùn láíbùrárì, Wàhíìdì pa ìwé dé, ó ní, "Rùqáyyàh, mo fẹ́ ọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i po." Rùqáyyàh ní, "Má yí i po. Mo ti gbọ́." Inú Wàhíìdì dùn débi pé kò rántí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọdún 1995, wọ́n ti wọ ọdún kẹta. Ìyanṣẹ́lódì ti jẹ ọjọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, gbogbo olùkọ́ ń sáré. Dókítà Fákúnlé ló ń kọ́ wọn níṣẹ́ láàbù ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́bọ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ni kò kúrú. Ó gbé ìgò kan sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ lè ka ìwé ìtàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Tiyín kì í ṣe àgbọ́sọ. Omi inú ìgò yìí yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀kán kan péré sí i, ó ti bàjẹ́. Ìwé ta ni yóò fi pípọ́n yẹn hàn ọ́? Ojú rẹ ni yóò rí i, ọwọ́ rẹ ni yóò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá yé ọ, ibí ni wàá ti bi mí, kì í ṣe inú yàrá. Ẹni tí kò bá wá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ó má ṣe dé ibi ìdánwò mi." Ó sì gbé bébà kan kalẹ̀ tí kálukú yóò máa kọ orúkọ sí bí ó bá ṣe ń kárí.

Àsìkò yẹn ni Wàhíìdì lọ kí bàbá Rùqáyyàh nílé wọn ní Ìrẹmọ. Alàájì Abógúnrìn, oníṣòwò kòkó ni. Kì í gba ẹnu àpò gbọ́. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, yóò mú kòkó jáde, yóò fi ọ̀bẹ là á sí méjì, yóò wo inú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ iye. Bí ó ṣe ń ṣe kòkó náà ló ń ṣe ènìyàn. Àǹtí Sùmáyà, àbúrò Alàájì tó jẹ́ tíṣà, ló ṣe alárinà, òun ló mú ọmọkùnrin náà wọlé. Alàájì bi í ní ilé bàbá rẹ̀ l'Ẹ́dẹ, ó bi í ní orúkọ ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ìgbà tí àsìkò ìrun Alásárì tó, Alàájì ní, "Ọmọ Lágúnjú, bọ́ síwájú kí o kírun fún wa."

Wàhíìdì dọ̀bálẹ̀. "Háà, Bàbá! Níwájú yín? Ẹ̀yin ni kí ẹ síwájú, sà."

Rùqáyyàh tó wà ní ìlà ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, ẹ wo ọmọ tó mọ àgbà. Ṣùgbọ́n Alàájì wo ọmọ náà bí ìgbà tó ń wo kòkó tó bu nínú. Nígbà tí àlejò lọ tán, òun àti Àǹtí Sùmáyà wọ pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Rùqáyyàh wọlé, ọ̀rọ̀ sì dá.

"Àǹtí, kí ni Bàbá sọ?"

"Bàbá rẹ ní bí Wàhíìdì bá yege nínú ìdánwò ọdún yìí, tí gbogbo nǹkan sì lọ bó ṣe yẹ, àwọn á so yìgì yín kí ẹ tó wọ ọdún àṣekágbá. Bí kò bá yege, kí ó máa lọ."

"Kí ni gbogbo nǹkan tó yẹ kó lọ bó ṣe yẹ?"

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni," ni Àǹtí Sùmáyà wí, ó sì mú gèlè rẹ̀ ó jáde.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Wàhíìdì tí òjò kò lè dá dúró kò wá sí láàbù. Ó ti bẹ Rùqáyyàh láàárọ̀ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi kọ orúkọ mi. Mo ní ibì kan tí mo fẹ́ dé." Rùqáyyàh kọ ọ́. Ta ni kì í kọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn? Ọjọ́bọ̀, kò tún wá. Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kò wá. Nígbà tó yá, ó kàn ń wò ó lójú láàárọ̀ ni, Rùqáyyàh á sì mọ̀ pé iṣẹ́ orúkọ kíkọ ti tún dé.

"Níbo lo máa ń lọ gan-an, Wàhíìdì?"

"Láíbùrárì."

"Láíbùrárì wo?"

"Èwo ló tún wà ní Ifẹ̀ yìí? Ìwé kan ni mò ń kà níbẹ̀." Kò wo ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti mọra, kò sọ̀rọ̀ fún un rí kó máa wo ilẹ̀.

Fúnlọ́lá, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́ọ̀lù Mọremí, ló wá da epo sí iná. Ọmọ Ẹdúnàbọ̀n ni, ó sì máa ń lọ sílé lọ kó oúnjẹ. Ó dé lọ́jọ́ kan, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Rùqáyyàh, jókòó. Mo rí ọkọ rẹ nínú mọ́tò tí mo wọ̀ lọ sílé. Òun àti obìnrin kan tó wọ híjáàbù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi bọ́ sílẹ̀ l'Ẹ́dúnàbọ̀n, àwọn ń bá tiwọn lọ sí Ìpetumodù."

"Bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo? Ṣebí o ní ọmọ Ẹdẹ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Wàhíìdì fa áńkáṣífù yọ lápò láti nu ojú, súwíìtì rọ́ jáde wẹ́lẹwẹ̀lẹ sílẹ̀. Àgbàlagbà tí kì í jẹ dídùn! Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà wọ́n bí ẹni tó jí wọn. Ó ní ọmọ ẹnì kan ni òun rà á fún. Ọmọ ta ni? Ó ní Rùqáyyàh kò mọ̀ ọ́n.

Họ́wù! Ìpetumodù, obìnrin, súwíìtì ọmọdé. Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ̀yin náà ì bá rò? Rùqáyyàh rò ó, ó rò ó já. Ó ní ọkùnrin yìí ti láya, ó ti bímọ, òun tí òun jókòó síbí ni òun ń fi ọwọ́ ara òun kọ orúkọ rẹ̀ kí ó lè ráyè lọ gbé ọmọ obìnrin mìíràn jó. Páńsá kò fura, páńsá já sí iná; àjà kò fura, àjà jìn. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, èyí ló dùn ún jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bébà orúkọ dé iwájú rẹ̀. Ó kọ tirẹ̀. Ó gbé bíròó sókè, ó gbé e dúró díẹ̀, ó sì ti bébà sí ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ.

"Rùqáyyàh, ṣé o ò gbàgbé mi ní kíláàsì?" ni Wàhíìdì bi í.

"Báwo ni n ó ṣe gbàgbé rẹ?"

Ẹ gbọ́ ìdáhùn yẹn o. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Ẹni tó ń fura sí onírọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Wàhíìdì wá sí láàbù lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgbà yẹn. Ó ti ka ohun tí Rùqáyyàh kọ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, ó mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, omi inú ìgò rẹ̀ pọ́n jìn-ìn bí ẹ̀jẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún pọ́n. Àwọn tí ìbéèrè wọn kì í yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ṣáà ń wá, ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ń fọ ìgò. Dókítà Fákúnlé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Lágúnjú. Ìwọ tí o máa ń dá mi lọ́rọ̀ dúró tẹ́lẹ̀! Bi mí ní nǹkan."

Wàhíìdì ya ẹnu. Kò rí nǹkan kan béèrè, nítorí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé mọ́. Rùqáyyàh wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wá rántí súwíìtì, ó pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Dókítà Fákúnlé dúró níwájú kíláàsì, ó ń ka orúkọ àwọn tí kò ní jókòó fún ìdánwò rẹ̀. "Lágúnjú, Abdulwaheed." Wàhíìdì fò dìde. "Sà, orúkọ mi wà níbẹ̀ o! Mo..." Ó yíjú sí Rùqáyyàh. Rùqáyyàh tẹ orí ba. Ọ̀rọ̀ náà kú sí ọmọkùnrin náà lẹ́nu. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan sí i, wọn ì bá lé ọmọbìnrin náà pẹ̀lú nítorí pé ó ń kọ orúkọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó rọra jókòó.

Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "O kò kọ ọ́."

"N kò kọ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Lọ bi ìyàwó rẹ ní Ìpetumodù."

Wàhíìdì wò ó títí. Ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Rùqáyyàh gba ilé Àǹtí Sùmáyà lọ tààrà. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún Bàbá pé òun kò fẹ́ ọkọ mọ́, ọkọ ti ní aya nílé. Ó ro gbogbo rẹ̀, mọ́tò, híjáàbù, súwíìtì. Àǹtí Sùmáyà ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Mo gbé! Ọmọ yìí, kí lo ṣe? Dìde, wọ bàtà rẹ."

Mọ́tò Ìpetumodù ni wọ́n wọ̀. Lọ́nà, "Ọlọ́run máà jẹ́" nìkan ni Àǹtí ń wí lábẹ́ ẹnu. Wọ́n dé iwájú ilé kan tí igi máńgòrò ṣíji bò. Ẹní wà nílẹ̀, àwọn ọmọdé jókòó gàdàgbà lórí rẹ̀, ariwo kéwú gba gbogbo àdúgbò. Láàárín wọn ni géńdé kan wà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wàláà wà lórí itan rẹ̀. Wàhíìdì ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ń na ìka sí i: "Bùrọ̀dá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ tún un kà." Bùrọ̀dá tún un kà. Ọmọ náà na ọwọ́, Bùrọ̀dá sì fi súwíìtì kan sí i lọ́wọ́. Obìnrin oníhíjáàbù gbé omi wá fún wọn, ìyàwó Àáfà tó ni ilé kéwú náà ni, ó lè bí wọn lọ́mọ.

"Bàbá rẹ ló ní kó kọ́ kéwú, kó ṣe wòlímọ̀, kí òun tó so yìgì," ni Àǹtí wí. "Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ló gbé dàgbà, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ níbẹ̀. Lágúnjú ọmọ Ẹdẹ, kò mọ Fátíà parí! Ìdí nìyẹn tí kò fi lè síwájú wa kírun lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Ó ní wọ́n mọ òun jù ní Ifẹ̀. Ọjọ́ tí Àáfà yìí sì ń ráyè, òun náà ni ọjọ́ láàbù yín."

Wàhíìdì rí wọn. Kò dìde. Ó ka ojú wàláà náà parí ná, ó wá bọ́ sí ibi tí wọ́n dúró sí.

"Ṣé ìyàwó mi lo wá wò?"

Rùqáyyàh kúnlẹ̀. "Wàhíìdì, dárí jì mí. Mo ṣe ọ́ níbi."

"O rí mi pé mò ń rì, o dákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ọ́."

"Ìwọ náà purọ́ fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ọ́."

Àwọn ọmọ kéwú ti dákẹ́, wọ́n ń wòran.

Alàájì gbọ́ pé wọn kò jẹ́ kí ọmọ Lágúnjú ṣe ìdánwò, ó ránṣẹ́ pè é. Kí wọ́n tó wọ pálọ̀, Àǹtí Sùmáyà fa Rùqáyyàh sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Má la ẹnu rẹ o. A ó ní olùkọ́ yẹn ló burú. Bí bàbá rẹ bá gbọ́ pé ò ń kọ orúkọ èké, ó tán nìyẹn." Rùqáyyàh mi orí pé òun gbọ́. Ó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kí a má parọ́.

Alàájì jókòó. Wàhíìdì dọ̀bálẹ̀.

"Mo ní kí o lọ kọ́ kéwú. Ta ló ní kí o fi kíláàsì rẹ sílẹ̀?"

"Ẹ̀bi mi ni, sà. N kò lọ."

"Ò ń jẹ́ kí ojú tì ọ́ nítorí Fátíà, kò wá tì ọ́ láti má jókòó níwájú olùkọ́ rẹ?"

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá."

"Ẹ̀bi ẹlòmíì kò sí níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

Alàájì yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Sùmáyà, mú un lọ sí ojú títì. Ẹni tí kò jókòó síbi tó yẹ kó jókòó, ilé ni n ó wá gbà pé yóò jókòó sí?"

Wàhíìdì ń dìde. Rùqáyyàh rí i pé ó ti ń gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, pé ẹsẹ̀ kan sí i, ó lọ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ là kó tó mọ̀.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Èmi ló ti kọ́kọ́ ń kọ orúkọ rẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, mo dáwọ́ dúró, n kò sì sọ fún un."

"Kí ló dé?"

"Mo fura sí i. Mo rò pé ó láya."

Àǹtí Sùmáyà bo ojú. Alàájì wo ọmọ rẹ̀, ó wo Wàhíìdì, ó sì wo ilẹ̀, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú pálọ̀ yẹn, òun ni.

"Nísinsìnyí tí o ti rí òkodoro," ó bi ọmọ rẹ̀, "ṣé o gbẹ́kẹ̀ lé e?"

Ẹ ò rí i pé gbogbo ayé ló mọ ìdáhùn tó yẹ kó wí. Rùqáyyàh gbìyànjú rẹ̀, kò jáde.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀, ó purọ́ fún mi. N kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e."

Wàhíìdì yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Dókítà Fákúnlé ti ka orúkọ, ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi náà kò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́."

"Haà," ni Alàájì wí. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí." Ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú, kò ṣeé pa. "Ó tó ìgbà tí ẹnì kan sọ òótọ́ nínú ilé yìí. Lágúnjú, padà lọ tún ọdún náà ṣe. Jókòó síwájú olùkọ́ rẹ kó máa rí ọ. Bí o bá yege, wá bá mi, n kò ní bi ọ́ ní nǹkan mìíràn. Rùqáyyàh, ìwọ gbọ́dọ̀ máa bi í, kí o sì dúró gbọ́ èsì."

Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì Ìrẹmọ, oòrùn ṣì mú. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí mọ́tò ń gbé dúró.

"Níbo lò ń lọ báyìí?" ni Rùqáyyàh bi í.

Wàhíìdì ṣẹ́jú. Ó fẹ́ wo ilẹ̀, ó gbé ojú sókè. "Ẹdẹ. Mo fẹ́ lọ sọ fún ìyá mi pé owó ilé-ìwé tó ń fi iṣẹ́ àṣekára rẹ̀ san, ó ku ọdún kan sí i. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Rùqáyyàh kò tíì rí ìyá Wàhíìdì rí. Ó ti máa ń fojú inú wò ó, pé òun yóò kúnlẹ̀ kí i nínú aṣọ tó dára, pé ìyá yóò pe òun ní aya. Kì í ṣe báyìí, kì í ṣe pẹ̀lú irú ìròyìn yìí.

Mọ́tò Ẹdẹ dúró. Àyè méjì ló kù lẹ́yìn. Wàhíìdì wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú, kò tì í.

"Bí ìyá mi bá bi mí pé báwo ló ṣe jẹ́, kí ni kí n sọ?"

"Má sọ nǹkan kan," ni Rùqáyyàh wí. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé tì í. "Èmi ni n ó sọ fún un."